Ìwọ Ni Wọ́n Máa Kọ́kọ́ Bi

Padova, Ọjọ́bọ̀

Tèmítọ́pẹ́ ọmọ mi, Àníkẹ́, ọ̀kan ṣoṣo tí mo bí,

Mo kí ọ, mo kí Davide ọkọ rẹ, mo sì kí ìyá ọkọ rẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kíkí ẹni ìkẹyìn yẹn há mi lọ́fun díẹ̀. Wàá mọ ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó máa ka ìwé yìí lọ. Mi ò fẹ́ kí o kà á nínú tram, kí àwọn ará Torino máa wò ọ́ bí ojú rẹ ṣe ń yí padà.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí o pè mí, inú rẹ ń dùn, mo gbọ́ ọ nínú ohùn rẹ. O ní, "Mamma, mi hanno estratta. Giudice popolare, in Corte d'Assise." O ṣàlàyé fún mi pé orúkọ rẹ ni wọ́n fà yọ nínú orúkọ àwọn ará ìlú, pé ẹ̀yin mẹ́fà tí ẹ ò kọ́ṣẹ́ òfin lẹ máa jókòó pẹ̀lú adájọ́ méjì, ẹ máa gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn, ẹ ó sì jọ dá a. Kàkà kí n kí ọ kú oríire, mo ní, "Lọ bá dókítà kó kọ ìwé fún ọ. Sọ pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́." O bi mí pé, "Mamma, ma perché?" Mo ní nítorí iṣẹ́ rẹ ni, pé ta ni yóò máa ṣe eyín fún àwọn arúgbó tó ń dúró dè ọ́ ní laboratorio. Mo tún ní ẹ̀rù ẹbí ọ̀daràn ń bà mí. O ní, "Va bene, ci penso," pé wàá rò ó, o sì pa fóònù.

Irọ́ ni mo pa fún ọ. Kì í ṣe tìtorí iṣẹ́ rẹ, ẹ̀rù ò sì bà mí. Owú ni. Mo jowú rẹ, ìwọ ọmọ tí mo fi inú mi bí. Ó ku ọjọ́ mẹ́wàá kí o fara hàn níwájú wọn, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ èyí, tí màá sì fi raccomandata, lẹ́tà tí wọ́n ń fọwọ́ sí gbà, rán an lọ́la, kí o má bàa tìtorí ẹnu mi lọ gba ìwé irọ́ lọ́wọ́ dókítà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé owú náà fún ọ, torí ẹni tó máa dá ẹjọ́ ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ mọ bí owú ṣe ń rí. Ọdún kan kí n tó bí ọ ni mo dé ilẹ̀ yìí. Gbogbo ìlà tí mo tò níwájú Questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó ń fúnni ní ìwé ìgbélùú, nínú òtútù, ìwọ náà tò lára wọn, ẹ̀yìn mi lo wà. Nígbà tí o pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, o lọ sí Comune, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, o fọwọ́ sí ìwé, o di ọmọ ilẹ̀, o sì bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ jẹ pizza. Èmi, ọdún tó kọjá ni mo tó búra. Mo wọ léèsì funfun mi, mo ka ìbúra náà láìṣì í, o wà níbẹ̀, o ya fọ́tò mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni mí lọ́jọ́ náà. Nígbà tí o pa fóònù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo béèrè lọ́wọ́ obìnrin tó ń bá wa tọ́jú ìwé ìgbélùú, mo ní ṣé wọ́n lè fa orúkọ tèmi náà yọ. Ó ní, "No, signora, fino a sessantacinque." Wọn kì í mú ẹni tó bá ti ju márùndínláàádọ́rin lọ. Ọdún kan péré, Tọ́pẹ́! Èmi tí mo ti ń parí ìjà tọkọtaya nínú ìjọ láti ìgbà tí o ti wà ní asilo, ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. A máa ń sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Ó dáa náà. Ẹ̀yin ẹ mú aṣọ, kí ẹ kó àkísà fún mi.

Ìkejì rẹ̀ ni signora Piera, ìyá ọkọ rẹ. O sọ fún un kí o tó pè mí. Davide ló jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu, kò mọ̀ pé ó máa dùn mí, má bá a jà. Ó tún sọ fún mi pé ìyá òun ti ṣe giudice popolare rí, nígbà tí òun wà ní elementari, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ṣé o rí i? Nígbà tí o gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ọ̀dọ̀ Piera, ó ní nǹkan láti sọ. Nígbà tí o gbé e dé ọ̀dọ̀ mi, dókítà ni mo rí sọ. Mo ro ó títí, mo ní rárá, ìyá ẹlòmíràn kọ́ ni yóò kọ́ ọmọ mi ní iṣẹ́ yìí.

Bí mo ṣe wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Tribunale, ilé ẹjọ́ ńlá, níbí ní Padova lọ́jọ́ Túsìdeè nìyẹn. Wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ ní Corte d'Assise lọ́jọ́ náà, ẹnikẹ́ni ló sì lè wọlé lọ jókòó sẹ́yìn. Ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà han gooro nítorí bángù ọwọ́ mi, mo bọ́ ọ, mo wọlé. Mo jókòó títí di ọ̀sán. Lọ́jọ́ kejì mo tún padà lọ, mo di búrẹ́dì àti ẹyin díndín dání. Ohun tí mo rí níbẹ̀, àti ohun tí ayé ti fi kọ́ mi, ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

Èkíní, jẹun kí o tó kúrò nílé. Ẹjọ́ gidi kì í sáré bíi ti tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin kan dìde, ó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ara aṣọ fún nǹkan bíi wákàtí méjì, ohùn rẹ̀ ò lọ sókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Wọ bàtà pẹlẹbẹ. Tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, torí pé bí oorun bá gbé ọ lọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún péré, ìṣẹ́jú márùn-ún yẹn lè jẹ́ èyí tí ẹlẹ́rìí fi sọ òótọ́. Wọ́n á fún yín ní ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta ti ilẹ̀ yìí láti gbé kọ́ èjìká. Obìnrin kan nínú àwọn tí mo rí ń fọwọ́ tún tirẹ̀ ṣe ṣáá. Ìwọ fi tìrẹ sílẹ̀ kó dúró jẹ́ẹ́. Mi ò ní purọ́ fún ọ, ọ̀já yẹn ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo rí. Mo ń wò ó léjìká àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bí ìgbà tí èèyàn ń wo oúnjẹ lẹ́nu ẹlòmíràn.

Èkejì, má ṣe ní ìtìjú láti béèrè. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Pordenone, ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀rọ ìfọṣọ, ohun gbogbo tí wọ́n bá sọ fún mi, "sì, sì" ni mò ń dáhùn. Lọ́jọ́ kan caporeparto, ìyẹn ọ̀gá wa nídìí iṣẹ́, na ìka sí bọ́tìnnì pupa kan, ó sọ̀rọ̀ gígùn. Mo ní "sì, sì". Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìlà iṣẹ́ dúró gbagidi, ogún èèyàn yíjú sí mi. Ìwọ gbọ́ èdè wọn ju àwọn onílẹ̀ mìíràn lọ, ṣùgbọ́n èdè òfin yàtọ̀. Mú bírò àti ìwé dání. Ọ̀rọ̀ tí kò bá yé ọ, kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì bi presidente, ìyẹn àgbà nínú adájọ́ méjèèjì, nígbà tí ẹ bá wọlé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ṣàlàyé fún yín. Nínú ẹjọ́ tìrẹ, "sì, sì" lè sọ ẹlẹ́ran ara sẹ́wọ̀n.

Èkẹta, gbé fóònù rẹ kalẹ̀. Má lọ wá orúkọ olùjẹ́jọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, má ka ohun tí àwọn èèyàn kọ nípa rẹ̀. Ohun tí wọ́n bá gbé wá sí iwájú yín nínú yàrá yẹn nìkan ni kí o fi dá ẹjọ́. Bí o bá mọ olùjẹ́jọ́ tàbí ẹbí ẹni tó kú, tètè sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dá ọ dúró ní kọ́rídọ̀ láti bá ọ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, sọ fún presidente.

Mo tún mọ àwa èèyàn wa. Bí o bá fi ẹnu ba ọ̀rọ̀ yìí ní ìjọ, wọ́n á sọ ọ́ di kókó àdúrà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì gbogbo ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti mọ orúkọ ọkùnrin náà, ó ti wà lórí WhatsApp dé Sampierdarena ní Genova. Èmi fúnra mi ti fi orúkọ kókó àdúrà ṣe òfófó rí, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Sọ fún wọn pé kí wọ́n bá ọ gbàdúrà fún ọgbọ́n, kó tán síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé Ẹ̀mí ti fi hàn òun pé olùjẹ́jọ́ jẹ̀bi, ní kó lọ jẹ́rìí nílé ẹjọ́, kí àwọn agbẹjọ́rò bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Bó bá ṣe pé ọmọ ilẹ̀ wa lọ́hùn-ún ni olùjẹ́jọ́ ńkọ́? Mo mọ̀ pé o ti rò ó. Má tìtorí pé ó jọ ọ́ dá a láre. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kejì ló ń bà mí lẹ́rù jù: kí o wá le mọ́ ọn ju bó ṣe yẹ lọ, kí àwọn yòókù má bàa sọ pé ò ń gbè é. Mo ti rí irú ẹ̀ láàárín wa, ẹni tó fẹ́ kí òyìnbó yin òun, tó wá fi ọmọ ìyá rẹ̀ ṣe ohun ìyìn. Ohun tí o máa ń ṣe sí eyín ni kí o ṣe sí ẹ̀rí: fi í síbẹ̀ wò, bí kò bá bá a mu, yọ ọ́, tún un wò. A-gbẹ́jọ́-ẹnì-kan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nígbà tí agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ bá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, wàá rò pé ẹjọ́ ti parí. Dúró kí ìkejì náà sọ tirẹ̀.

Ní báyìí, ó kan èyí tí mo tìtorí rẹ̀ kọ ìwé.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí mo lò ní Tribunale, mo rí i pé ibì kan wà tí ojú mi ò dé. Ní ìkẹyìn, àwọn mẹ́jọ yẹn máa wọ yàrá kan lọ, wọ́n á tilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni ò ní bá wọn wọ ibẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀? Ẹnì kan ṣoṣo tí mo mọ̀ tó ti débẹ̀ rí ni Piera. Mo rìn yíká ilé ìdáná mi bí ìgbà mẹ́ta kí n tó pè é. Inú rẹ̀ dùn, ó bi mí léèrè ẹsẹ̀ mi, ó ní, "Titi, finalmente mi chiami!" Pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pè é yẹn náà tún bí mi nínú. Ó wá sọ fún mi pé nínú yàrá yẹn, lẹ́yìn tí gbogbo yín bá ti jọ sọ̀rọ̀ tán, tó bá di pé kí kálukú dìbò, ẹ̀yin ará ìlú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ bi, láti orí ẹni tó kéré jù lọ́jọ́ orí. Àwọn adájọ́ ló máa ń gbẹ̀yìn. Bó bá sì di mẹ́rin sí mẹ́rin, ibi tó bá ṣe olùjẹ́jọ́ láǹfààní ni wọ́n ń tẹ̀ sí.

Tọ́pẹ́, mo jókòó sílẹ̀. Láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ìwọ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwọ ló máa kéré jù níbẹ̀. Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi. Mo sì mọ ẹ̀kọ́ ilé tí mo fún ọ.

Gbọ́ ohun tí mi ò sọ fún ọ rí. Ní ọdún tí mo bí ọ, èmi àti Sístà Bọ́sẹ̀ la jọ ń ṣiṣẹ́ ní Pordenone. Láti Abẹ́òkúta la ti jọ wá, lọ́dún kan náà. Bọ́sẹ̀ yára jù mí lọ. Kó tó pé ọdún kan ó ti ń sọ Italiano bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀. "Signora" ni caporeparto ń pè é. Èmi, "tu, vieni qua", ìyẹn "ìwọ, wá síbí", ni orúkọ mi. Mò ń bá Bọ́sẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mò ń jowú rẹ̀.

Lásìkò yẹn, wọ́n lé Bùrọ́dá Káyọ̀dé, ọmọ ìjọ wa, kúrò ní ilé iṣẹ́ wa yẹn, torí pé àṣírí tú pé ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Ta ló lọ sọ? Ẹnì kan ní òun rí Bọ́sẹ̀ tó ń jáde ní ọ́fíìsì caporeparto, ọjọ́ kejì ni wọ́n lé Káyọ̀dé. Bó ṣe di ẹjọ́ nìyẹn. Ìjọ yan èèyàn márùn-ún láti gbọ́ ọ. Èmi ni mo kéré jù, ìwọ wà lẹ́yìn mi, ò ń sùn.

Mo mọ ohun tí Bọ́sẹ̀ lọ ṣe ní ọ́fíìsì yẹn. Èmi ni mo rán an. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi sọ fún caporeparto pé mo ní ọmọ ọwọ́, kí wọ́n yọ mí nínú iṣẹ́ alẹ́, torí pé mi ò lè sọ ọ́ fúnra mi. Mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ́ kí ará ìjọ mọ̀ pé òun ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó pa ọ̀rọ̀ mi mọ́. Nígbà tí wọ́n bi í lọ́jọ́ ẹjọ́, ó ní, "Ẹlòmíràn ló bẹ̀ mí níṣẹ́ lọ síbẹ̀, mi ò lè dárúkọ rẹ̀." Ó wá wò mí.

Bí a ṣe máa ń ṣe, àgbà ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Alàgbà ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti hàn." Ẹnì kejì ní, "Bí Bàbá ṣe wí náà ni." Ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹrin. Ó kàn mí. Mo ní, "Ta ni mí tí n ó máa sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ẹ̀yin àgbà? Bí ẹ ṣe rí i ni mo ṣe rí i." Wọ́n yìn mí pé mo ní ẹ̀kọ́ ilé.

Ẹ̀kọ́ ilé kọ́. Bí ẹnu ò bá tiẹ̀ gbà mí láti já àgbà ní koro, mo lè kúnlẹ̀ sọ ọ́. Owú ló mú mi dákẹ́, mo sì fi ọ̀wọ̀ àgbà bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí Bọ́sẹ̀ má wá sí ìjọ mọ́, kò sì sí ẹni tó ń kí i níbi iṣẹ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Genova. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ni Káyọ̀dé fẹnu ara rẹ̀ sọ pé nígbà tí wọ́n kó àwọn jọ fún kọ́ọ̀sì ààbò níbi iṣẹ́, òun gbàgbé, òun kọ orúkọ òun gan-an sínú ìwé. Kò sí ẹni tó lọ sọ nǹkan kan.

Nígbà tí o wà ní yunifásítì, mo lọ wá Bọ́sẹ̀ dé Sampierdarena, níbi tó ti ń di irun. Mo jókòó sórí àga rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ó ń di irun mi lọ, kò dá ọwọ́ dúró. Ó ní, "Títí, àwọn mẹ́rin yẹn ò dùn mí. Wọn ò mọ̀. Ìwọ lo mọ̀." Ó di í parí, ó ní kí n máa lọ. A ò tíì ríra láti ọjọ́ náà.

Nítorí náà, ọmọ mi, bí presidente bá yíjú sí ọ, má sọ pé, "Ta ni mí?" Má wo ojú professore tó jókòó sí ọ̀tún rẹ, má wo irun funfun ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ṣe òfin yẹn mọ irú èmi, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ọmọdé kọ́kọ́ la ẹnu rẹ̀ kí ti àgbà má bàa dí i. Àwa náà máa ń sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò rántí ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ bi ọmọdé. Wọ́n máa bi ìwọ. Kí ẹ tó débẹ̀, gbọ́ ohun tí gbogbo wọn bá wí, bí ẹnì kan bá fi ẹ̀rí yí ọ lọ́kàn padà, yí padà. Ṣùgbọ́n kí ohun tó bá jáde lẹ́nu rẹ nígbẹ̀yìn jẹ́ ohun tí o rí. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú rẹ kàn kọ ojú ẹnì kan ni, olùjẹ́jọ́ ni o, ẹlẹ́rìí ni o, bi ara rẹ pé kí ló fa á. Bí èmi bá ti bi ara mi, Bọ́sẹ̀ ì bá ṣì wà ní Pordenone.

Má lọ bá dókítà kankan. Lọ jókòó.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, òun ló sì le jù fún mi láti kọ. Mo bi Piera pé, "Ẹjọ́ tí ẹ dá nígbà yẹn, kí lo sọ?" Ó ní, "Questo no, Titi. Non l'ho detto nemmeno a mio marito." Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ títí ọkọ náà fi kú. Ìwọ náà máa búra bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ẹ bá sọ nínú yàrá yẹn, inú rẹ ló máa wà.

Mo mọ ara mi. Nígbà tí o bá parí, màá wá sí Torino. Màá din àkàrà, màá dúró kí Davide jáde, màá wá sún mọ́ ọ, màá ní, "Àníkẹ́, èmi nìkan ni, kí lo sọ fún wọn?" Mo lè bínú. Mo lè sunkún. Mo lè ní ọmọ kì í fi nǹkan pa mọ́ fún ìyá tó bí i, tàbí pé mo mọ̀ pé o ti sọ fún Piera. Owú ni gbogbo rẹ̀, mo ti ń sọ ọ́ fún ọ ṣáájú. Jẹ́ kó máa jó mi. Gbé àkàrà jẹ, kí o má dá mi lóhùn.

Èmi ni,
Títílayọ̀, ìyá rẹ.